Agbára Páálí Ìwé Lójú Ìrìnàjò

Ẹni tí ó bá gba àárín Ṣómólú kọjá lọ sí Bàrígà ní ọ̀sán gangan, tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wí, yóò rí àwọn alábàárù tí wọ́n ń ru páálí ìwé lọ sínú ọkọ̀ Ìbàdàn, ọkọ̀ Ìlọrin, àti èyí tí ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí ó sì ń dùn mí ni pé ìdí ọ̀pọ̀ nínú páálí wọ̀nyí yóò já kí wọ́n tó dé ilé, kì í ṣe pé páálí náà kò dára, bí kò ṣe pé ẹni tí ó dì í kò mọ ibi tí agbára rẹ̀ fi ara sin sí.

Bébà mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ògiri páálí: méjì tẹ́jú, ọ̀kan tí ó wà láàárín wọn sì ká ní ìgbì-ìgbì bíi páànù òrùlé. Healey àti Allen, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ẹ̀tọ́ bébà oníìgbì ní 1856, fún inú fìlà gogoro tí àwọn okùnrin ibẹ̀ ń dé. Ní 1871 ni Albert Jones ní Amẹ́ríkà fi irú bébà bẹ́ẹ̀ wé igo kí ó má baà fọ́. Ìgbì kan ṣoṣo kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: nígbà tí gbogbo wọn bá dúró lóòró, tí gọ́ọ̀mù sì so wọ́n mọ́ bébà ọ̀tún àti tòsì, ẹrù tí ó wà lókè kò rí ààyè tẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ páálí lélẹ̀ ti dá ìgbì náà dùbúlẹ̀, agbára sì ti lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òpó ilé. Igun lórí igun ni kí á máa tò ó, nítorí ẹni tí ó tò ó ní ìdábùú ti gbé ẹrù lé ibi tí kò sí òpó.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Èkó Akéte, arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, pàápàá lápá Bàrígà tí ó kángun sí ọ̀sà, bébà ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Páálí tí ó gbé ẹrù lánàá, tí ó gbé e lónìí, lè máà gbé e lọ́la.

Èyí tí ó burú jù ni kí á ki ìwé bọ inú páálí Indomie, èyí tí a ṣe fún àpò 40 oní-gíráàmù 70, tí gbogbo rẹ̀ kò pé kílò 3. Ìwé wúwo ju bí ojú ti ń rí i lọ. Rìmù A4 kan, ewé bébà 500 tí mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80, tó kílò 2.5, ìwé olójú-ewé 200 tí ó jẹ́ ìdajì A4 yóò gba ewé bébà 50 nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe gíráàmù 250 láìka èèpo. 100 irú ìwé bẹ́ẹ̀ di kílò 25, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kò gbà ju kílò 23 lọ fún ẹrù kan lọ́wọ́ èrò tí ó san owó pọ́ọ́kú. Kí arìnrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù pín in sí méjì, 50 síhìn-ín, 50 sọ́hùn-ún, nínú páálí onírìmù 5 tí bébà náà bá dé ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ṣe láti ru kílò 12.5 gan-an, kí ó lẹ téèpù fífẹ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀ ìdí rẹ̀, kí ó tún fi òmíràn dábùú u, kí ó sì gbé e lé òṣùwọ̀n ní Ṣómólú, níbi tí ó ti ṣeé ṣe láti yọ ìwé méjì kúrò.