Rọ́bà abẹ́ gìgísẹ̀ sọ òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé di oníléeṣẹ́

Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ dúró ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olókùúta ló mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro èèyàn. Ìyà yìí ló jẹ Humphrey O'Sullivan, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé nílùú Lowell, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ra ẹní rọ́bà tó ń dúró lé, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò yéé gbé e. Nígbà tó sú u, ó gé rọ́bà náà, ó sì kàn án mọ́ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀. Lọ́jọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1899, ìjọba fún un níwèé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà.

Rọ́bà ọ̀hún ní ìwọ̀n. Gìgísẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ béèyàn bá ń rìn. Bí rọ́bà bá rọ̀ jù, ẹsẹ̀ yóò máa yẹ̀. Bó bá le jù, kò yàtọ̀ sí awọ. Ìṣó náà sì lè fà á ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ki òrùka irin pẹlẹbẹ sínú rẹ̀, kí orí ìṣó lè ríbi dì mú.

Ṣùgbọ́n ibi tówó wà ni pé gìgísẹ̀ lásán ni O'Sullivan ń tà, kì í ṣe odidi bàtà. Bó bá ti jẹ, oníbàtà yóò tún gba ọ̀dọ̀ ṣúmékà lọ kan òmíràn. Ẹni tó ń ta ohun tó ń jẹ lára bàtà gbogbo ayé, oníbàárà rẹ̀ kò lè tán.