Ẹni tó bá ṣí àwárí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba páténtì lè pàdánù rẹ̀

Ní àgbègbè Ṣàngó àti Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ti jọ wà, kò ṣòro láti rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń dá ọgbọ́n tirẹ̀ kún ọgbọ́n òyìnbó. Ká ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà tí pélétì inú bátìrì yóò fi lẹ̀ mọ́ra dáadáa, ta ni òfin máa sọ pé ó ni ín?

Òfin Patents and Designs Act ọdún 1970 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwárí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó lọ́gbọ́n nínú, kó sì ṣeé lò nílé iṣẹ́. "Tuntun" yìí le ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí ẹnikẹ́ni, níbikíbi láyé, bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, tó sọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tó lò ó ní gbangba kí ìwé ìbéèrè tó wọlé, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹni tó ṣe àwárí náà wà nínú "ẹnikẹ́ni" ọ̀hún o! Bó bá pàtẹ bátìrì rẹ̀ lábẹ́ afárá Ṣàngó, tó ń ṣàlàyé bó ṣe ṣe é fún oníbàárà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú àṣírí. Ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin yọ̀ǹda, ìyẹn náà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìbéèrè.

Wàhálà kejì ni pé àwọn tó ń fúnni ní páténtì l'Ábújá kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ni. Bí ìwé bá ti pé, wọ́n á fún un, ewu rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó gbà á. Ó lè lo ogún ọdún bí wọ́n bá ń san owó ọdọọdún, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ lè wọ́gi lé e.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ilé iṣẹ́ Bellcore ní Amẹ́ríkà ti gba páténtì lórí lílẹ àwọn pélétì bátìrì lithium pọ̀ mọ́ ohun tó ń pààlà láàárín wọn. Àwọn páténtì náà ti parí, ẹnikẹ́ni l'Ọ̀tà lè lo ọgbọ́n inú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pè é ní tirẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń jà sí i. Lọ́dún 2011, LG Chem pe SK Innovation lẹ́jọ́ ní South Korea lórí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń pààlà nínú bátìrì lithium. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí páténtì wọ́gi lé ti LG. LG pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, kí wọ́n tó parí ìjà lọ́dún 2014. Mélòó nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa ló lówó lọ́yà fún ọdún mẹ́ta?

Àjọ NOTAP máa ń ran àwọn tó ń ṣe àwárí lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ ni òfin Nàìjíríà kà sí onínǹkan, àfi bó bá hàn pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti mú ọgbọ́n náà láìgba àṣẹ rẹ̀.