Ọjà tó ń wọ inú ara èèyàn: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Ìdúmọ̀tà mọ̀

Owó wà nínú títa ohun èlò iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè pa oníbàárà lára, kó sì ti ṣọ́ọ̀bù ẹni pa. Bí ẹ bá ń ta oògùn ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó, oníbàárà lè béèrè òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́, tàbí irin tí wọ́n fi ń to egungun. Kí ẹ tó dáhùn pé ó wà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Biomaterials ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun ni, ìbáà jẹ́ irin, ike tàbí òwú, tí wọ́n ṣe láti wà nínú ara èèyàn fún ìwòsàn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ojú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harold Ridley, ṣàkíyèsí pé àfọ́kù ike fèrèsé ọkọ̀ òfurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ òfurufú ológun kò dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, ó fi irú ike náà ṣe awò kékeré, ó sì fi í sínú ojú aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn St Thomas', London. Iṣẹ́ yẹn ló bí awò tí wọ́n ń lò lónìí fún ẹni tí àrùn ti bo ojú rẹ̀ funfun.

Ní 1974, àwọn dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Society For Biomaterials sílẹ̀. Ní 1986, àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù ṣèpàdé ní ìlú Chester, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun kan tó kan oníṣòwò gbọ̀ngbọ̀n: a kò lè sọ pé ohun èlò kan bá ara mu láì sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe níbẹ̀.

Ẹ wo òwú iṣẹ́ abẹ. Catgut, tí wọ́n ń fi ìfun àgùntàn tàbí ti màlúù ṣe, máa ń yòrò nínú ara. Náílọ́ọ̀nù kì í tètè yòrò. Tó bá wà lójú awọ, dókítà ló ń yọ ọ́. Bí ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí pé ọjà tán, ojú ọgbẹ́ lè ya. Irin ńkọ́? Omi ara níyọ̀, irin lásán yóò dípẹtà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo irin 316L tàbí titanium. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ìwé ẹ̀rí ló lè sọ ọ́.

Òkèèrè ni ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn egungun, bíi ti Igbobi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ti ń wá. Nítorí náà, bí dọ́là bá gbówó lórí, irin náà yóò gbówó lórí. Ìgbà yẹn gan-an ni ayédèrú ń rí ọjà. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa ti ń sun egungun màlúù àti èèpo ẹyin láti rí èròjà tó jọ ti egungun èèyàn, kí a má baà máa wo ojú òkèèrè nìkan.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ìkínní, ẹ má ta ohun tí ẹ kò níwèé àṣẹ fún, ẹ sì rí i pé NAFDAC forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Ìkejì, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára páálí sórí rìsíìtì, kí ẹ lè tọpa ọjà tí ilé iṣẹ́ bá ní kí wọ́n dá padà. Ìkẹta, ẹ má tú ọ̀rá rẹ̀ láti tà á lẹ́yọ; kòkòrò àrùn á ráyè wọlé. Ìkẹrin, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú oòrùn, ẹ má sì ta èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, rìsíìtì àti ìwé ẹ̀rí ni oníṣòwò fi ń gbèjà ara rẹ̀.

Bàtà tí kò dára, oníbàárà lè dá a padà lọ́la. Irin tó ti wọ inú egungun, àfi kí wọ́n tún ara aláìsàn là kí wọ́n tó lè yọ ọ́.