Ìdí Tí Ìrántí Àwọn Sójà Fi Bọ́ Sí 15 Oṣù Kìíní

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó ń gbé Oníṣà, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń tajà ní Fegge, bí ọdún tuntun bá ti wọlé báyìí, ẹ ó máa rí òdòdó pupa kékeré láyà àwọn aláṣẹ. Báàjì ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ ni.

Tẹ́lẹ̀, 11 oṣù kọkànlá ni ọjọ́ náà, torí ọjọ́ yẹn ní 1918 ni ogun àgbáyé kìíní parí. Àwọn àgbà tó gbé Èkó nígbà náà á rántí Sójà Ìdúmọ̀tà, ère tí wọ́n gbé dúró nítorí àwọn tó bá òyìnbó jagun tó kú. Ìgbà tí ogun abẹ́lé parí ni ìjọba gbé ìrántí náà sí 15 oṣù kìíní. Ọjọ́ yẹn ní 1970 ni Philip Effiong wá bá Gowon ní Dodan Barracks l'Ékòó, tó ní kò sí Biafra mọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le fún àwa tá a wà níbí. Ọjọ́ tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ l'Ábùjá, ọjọ́ tí àwọn onílé wa pàdánù ogun ni. Odò Ọya tá à ń wò láti Fegge yìí, ọ̀pọ̀ sójà Nàìjíríà ló kú síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1967. Biafra ti ba afárá jẹ́, ni Murtala Muhammed bá ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kọjá láti Àsábà. Pàbó ló já sí. Oṣù kẹta 1968 ni wọ́n tó gba Oníṣà, ọ̀nà orí ilẹ̀ ni wọ́n sì gbà wọ̀ ọ́. Báàjì yẹn kò ka ọmọ Igbo tó kú ní òdìkejì, kò sì ka àwọn ará Àsábà tí sójà kó jọ tí wọ́n pa.

Tiwọn ni wọ́n ń rántí ní 30 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí Ojukwu kéde Biafra ní 1967. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ló ń ti ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí kò padà wálé. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí mọ́tò ẹrù yín wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Sójà tiwa kan wà tí ẹ lè dárúkọ lọ́dọ̀ onílé yín láìsí ìjà: Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Ó gba Ironsi lálejò n'Íbàdàn. Ní 29 oṣù keje 1966, àwọn sójà tó dìtẹ̀ mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ ní Làlúpọn. Bí ẹ bá dé Adó-Èkìtì, ẹ yà sí Fajuyi Park. Òun ni wọ́n fi sọrí.