Kéèkì Wú ní Mọ́níyà, Ó Wó ní Jọ́ọ̀sì! Afẹ́fẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Ayé

Ká ní ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ kéèkì ní Mọ́níyà, ó ṣe fíríídọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, ọkọ sì gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Fùláwà kan náà, ṣúgà kan náà, ìwọ̀n tí ọ̀gá fi kọ́ ọ kò yẹ̀. Kéèkì wọ inú ófúùnù, ó wú, ó wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo agolo mọ́lẹ̀. Kó tó jinná, àárín rẹ̀ ti jìn wọlé. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní iná ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní bẹkin páúdà ti bàjẹ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyálé, tàbí kí wọ́n ní ọ̀gá tó fi iṣẹ́ kọ́ ọ ló ń bínú. Owó fùláwà ti wọlẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá di ti wòlíì àti babaláwo.

Ẹ fi ìyálé sílẹ̀ o. Òkè ni kí ẹ bi.

Ìlú Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo òkè tó wà nínú rẹ̀, kò ga ju òkun lọ ju nǹkan bí 700 ẹsẹ̀ bàtà. Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akànrán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì lé ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn èèyàn wa tó ti bá rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà débẹ̀ láti ayé òyìnbó mọ òtútù rẹ̀ dáadáa. Èyí tí ojú kò rí ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, ó ń tẹ gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, bí èèyàn bá sì ṣe ń gòkè sí i ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ń dín kù.

Ẹ wo omi lórí iná. Ní Ìbàdàn, kó tó hó, ooru rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jọ́ọ̀sì, tó bá ti tó nǹkan bí 96, ó ti ń hó nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná lọ́hùn-ún: omi ń hó, àmọ́ ooru rẹ̀ kò tó ti ilé.

Oúnjẹ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní popover. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ ìbátan rẹ̀, Yorkshire pudding, tí òyìnbó fi ń jẹ ẹran màlúù yíyan lọ́jọ́ Sunday. Kò ní yíìsì, kò ní bẹkin páúdà. Ẹyin, mílíìkì, fùláwà, iyọ̀ díẹ̀ àti bọ́tà yíyọ́ ni gbogbo ẹ̀, ó sì máa ń ṣàn ju èlò pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù lọ. Kí ló wá ń wú u? Èéfín omi ni, irú èyí tó ń ti ọmọrí ìkòkò sókè. Ooru ófúùnù á mú ara rẹ̀ le, èéfín á há sínú, á máa fẹ̀ ẹ́ bíi bàlúùnù, inú rẹ̀ á sì ṣófo.

Lórí òkè, afẹ́fẹ́ tí ì bá tẹ èéfín yẹn mọ́lẹ̀ kò tó. Ó ń yára fẹ̀, omi ń yára gbẹ, bẹ́ẹ̀ ẹyin kò tíì jinná débi tó máa le. Ló bá bẹ́, ló bá wó. Denver ní Amẹ́ríkà ga ní máìlì kan gbáko, ìyọnu kan náà làwọn obìnrin ibẹ̀ ń bá yí, kò sì sẹ́ni tó fi kan ìyá ọkọ.

Ẹyin ni àtúnṣe rẹ̀, torí ẹyin ni ògiri rẹ̀. Níbi tí ará Ìbàdàn ti ń fi ẹyin 2 sí ife fùláwà 1 àti ife mílíìkì 1, kí ará Jọ́ọ̀sì fi 3 sí i. Kó dín bọ́tà kù díẹ̀, kó fi ṣíbí mílíìkì kan tàbí méjì kún un. Kí agolo ti gbóná kí wọ́n tó da nǹkan sí i. Ẹ má ṣílẹ̀kùn ófúùnù yọjú wò ó o! Tó bá ti pọ́n dáadáa, ẹ fi abẹ́rẹ́ lù ú kí èéfín jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rọ̀, á sì wó. Ẹni tó ń fi ààrò amọ̀ ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, òun ni kó kọ́kọ́ tì bọ inú ààrò kí búrẹ́dì tó wọlé, nígbà tí ooru ṣì mú.

Ti kéèkì yàtọ̀. Nínú ṣíbí kékeré bẹkin páúdà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò. Ẹ yọ ṣíbí ọbẹ̀ kan nínú ife ṣúgà, kí iná sì le díẹ̀ sí i. Ti búrẹ́dì, ẹ dín yíìsì kù, ẹ má sì wo aago rárá. Tó bá ti wú di ìlọ́po méjì, ẹ tì í wọ ààrò. Agolo kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe ìdajì àpò fùláwà.

Ìyàwó Jọ́ọ̀sì tó bá wá ṣọdún nílé náà, kó fi ìwọ̀n tòkè sílẹ̀ lókè. Tó bá gbé e dé Mọ́níyà, kéèkì á kàn jókòó pẹlẹbẹ sínú agolo, wọ́n á sì ní Jọ́ọ̀sì ti mú kó gbàgbé iṣẹ́.