Ẹ Jẹ́ Kí Sókàwéè Mí

Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé: táǹkì tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sí, àti sókàwéè tí omi rẹ̀ ń gbà wọnú ilẹ̀. Bí òórùn bá bẹ̀rẹ̀, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré ṣe: a ó da Izal sí i, a ó sì fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú ihò. Méjèèjì ló ń dá kún ìṣòro náà. Gáàsì ló ń rùn, gáàsì ò sì ní ṣàì wá ọ̀nà jáde. Ọwọ́ wa ló wà láti yan ibi tí yóò gbà.

Kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ìgbẹ́ inú táǹkì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi àti gáàsì. Ọ̀kan nínú gáàsì náà ni mẹ́tééènì. Kò ní òórùn, ṣùgbọ́n bó bá tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibì kan, ìṣáná kan lè mú un bú gbàmù. Èyí tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu ni háídírójìn sọ́fáìdì. Imú ń gbọ́ ọ kódà bí kò bá tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Bí a bá ń da Izal púpọ̀ léraléra, kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa gan-an la ń pa, táǹkì á sì tètè kún. Dídí ihò tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì tí a sé mọ́ á lẹ̀ mọ́ abẹ́ dẹ́kìn tó tutù, kòkòrò mìíràn á sọ ọ́ di ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò, ásíìdì á sì máa jẹ sìmẹ́ǹtì títí irin inú rẹ̀ á fi yọ síta. Ọmọ tó ń ṣeré lórí rẹ̀ lè já sínú lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀rọ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu kò ní ẹ́ńjìnnì. Páìpù tó fẹ̀ tó mìlímítà 110 ni, tí a gbé láti orí táǹkì kó ga ju òrùlé lọ ní ìdajì mítà, ó kéré tán. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lẹ́nu rẹ̀ ló ń fa gáàsì jáde. Bí oòrùn bá sì mú páìpù gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè. Ọgbọ́n yìí ni Peter Morgan lò fún ṣalángá ní àwọn ọdún 1970, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, tó sì ta nẹ́ẹ̀tì sẹ́nu páìpù nítorí eṣinṣin. Nínú ilé, omi tó dúró nínú páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti lábẹ́ ihò balùwẹ̀ ni ìlẹ̀kùn. Nígbà ọyẹ́, nínú yàrá àlejò tí ẹnikẹ́ni kì í lò, omi yẹn máa ń gbẹ, òórùn á sì wọlé. Jọ́ọ̀gì omi kan ti tó, pẹ̀lú òróró díẹ̀ lórí rẹ̀ kó má tètè gbẹ.

Ẹnìkan lè ní ọ̀dọ̀ aládùúgbò la ń darí òórùn sí. Níbi tí ilé alájà bá sún mọ́ra, àròyé yẹn tọ́. Níbẹ̀, ká fi fáànù kékeré ti gáàsì náà gba inú àpótí ajílẹ̀ tútù àti ẹ̀rún igi kọjá, kòkòrò inú wọn á jẹ ẹ́. Ní ilé ilẹ̀, atẹ́gùn á ti fọ́n ọn ká kó tó kan ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á ní ká máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí bíi ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Òótọ́ ni pé òórùn kì í pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tó, àmọ́ iná tọ̀sán-tòru lẹ̀rọ yẹn ń fẹ́, a ò sì tíì ní in.

Ohun kan kù tí mo bẹ gbogbo onílé pé kí wọ́n fi sọ́kàn. Bí háídírójìn sọ́fáìdì bá tó 100 nínú mílíọ̀nù, ó ń pa imú kú; ẹni tó wà nínú rẹ̀ á rò pé òórùn ti lọ. Bó bá tó 700 sí 1,000, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni wọnú táǹkì, kódà bó bá ti wà ní ṣíṣí láti àná. Ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ni kí ẹ pè.