Gbígbọ́ Èdè Yàtọ̀ sí Gbígbọ́ra-Ẹni-Yé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò bá gbọ́ èdè ẹni ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì ní Angwan Rogo, àdúgbò tí ó wà nítòsí Yunifásítì Jos. Haúsá ni orúkọ àdúgbò náà. “Àdúgbò ẹ̀gẹ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìlú Jos, Berom, Anaguta, Afizere, Ngas, Tarok, Ìgbò àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń ná ọjà, èdè Haúsá ni púpọ̀ nínú wọn sì fi ń ná an.

Irú ìlú elédè púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Ludwik Zamenhof sí ní òkè òkun ní ọdún 1859. Bialystok ni orúkọ ìlú náà, ní ilẹ̀ Poland, lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà. Àwọn Júù, àwọn ará Poland, Rọ́ṣíà àti Jámánì jọ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n aáwọ̀ kò tán láàárín wọn. Zamenhof gbà láti kékeré pé àìgbédè ara ẹni wà lára ohun tí ó fà á. Nígbà tí ó di dókítà ojú, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Warsaw ní 1887, ó sì fi èdè tuntun lọ aráyé. Òfin gírámà 16 péré ni ó fún un. “Dókítà Esperanto” ni ó fi bo orúkọ ara rẹ̀, èyíinì ni dókítà tí ó ń retí; orúkọ yìí ni ó mọ́ èdè náà lórí.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Johann Schleyer, àlùfáà Kátólíìkì ará Jámánì, ti gbé Volapük kalẹ̀ láti nǹkan bí 1880. Èdè náà ràn bí iná inú ọyẹ́, ṣùgbọ́n Schleyer fẹ́ kí àṣẹ ìkẹyìn máa wà lọ́wọ́ òun nìkan, ẹgbẹ́ sì túká. Zamenhof ní tirẹ̀ fi èdè rẹ̀ lé àwọn tí ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ní 1905 ni wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ní Boulogne-sur-Mer, ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà, ojú wọn rí màbo. Ìjọba Hitler fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Ìjọba Stalin pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn Násì sì pa Lidia, ọmọbìnrin Zamenhof, ní Treblinka ní 1942. Síbẹ̀ èdè náà kò kú. Ní 2024, Arusha ní ilẹ̀ Tanzania ni àpéjọ àgbáyé náà ti wáyé, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà.

Nàìjíríà pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ní 1965 ni Alex Igbineweka bẹ̀rẹ̀ sí í hun èdè tí a ń pè ní Guosa. Ó ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú Haúsá, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn èdè mìíràn. Ìwé òfin ọdún 1979 gbà kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lo Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ètò bá ti tó. Ti 1999 tún un sọ. Ẹni tí èdè rẹ̀ kò sí nínú mẹ́ta náà lè béèrè pé, “Tiwa ńkọ́?” Èdè àpapọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ìdáhùn Guosa, àmọ́ kò tíì di èdè ọjà.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà ní Jos lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èdè àjùmọ̀sọ tí Bialystok kò ní, Jos ní in. Síbẹ̀, ìjà ẹlẹ́yà-mẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní oṣù September 2001, ó tún bẹ́ ní 2008 àti 2010, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó jà ni ó gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ta ni onílùú, ta ni àlejò, ta ni yóò ṣàkóso? Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó lè dá ẹjọ́ yẹn. Lójú ẹlòmíràn pàápàá, Haúsá kì í ṣe èdè gbogbo ayé, bí kò ṣe èdè ẹni tí wọ́n jọ ń du ìlú. Ní ti èyí, Zamenhof rí òótọ́ kan: èdè tí yóò pa ènìyàn pọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun ìjà ẹnì kan.

Èyí kò sọ làálàá àwọn ahunṣèdè di asán. Èdè àjùmọ̀sọ a máa ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò pinnu bóyá obì ni ẹni tí ó wọlé mú lọ́wọ́, tàbí ọfà. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Jos, tí ó kọ́ bí a ti ń kí aládùúgbò rẹ̀ ní èdè Berom tàbí Haúsá, obì ni ó mú lọ́wọ́ yẹn.